Àpò Tí A Fi Kọ́tìnnì Pálọ̀ Rán

Ẹ má wo fèrèsé yẹn mọ́. Mo ti rí yín. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni ẹ ti ń wo bó ṣe wà ní ìhòòhò, tí oòrùn ń ta sí yín lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà nínú yín láti sọ pé, "Màmá, kọ́tìnnì yín dà?" Ẹ óò gbọ́ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kọ́tìnnì mìíràn fún yín, èyí tó kúrò lójú fèrèsé nílé bàbá mi kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dáyé.

Bísọ́lá, ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń lọ sìnlú ní Jálíngò lọ́la, sún mọ́ mi. Wálé, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ayálégbé mi, ìwọ náà jókòó dáadáa. Ìwé Poli kò ní sá lọ. Ìwọ lo bi mí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kó o ṣí fìlà lójú títì, pé, "Màmá, kí ni mo fi fìlà ṣe fún wọn?" Ẹ̀rín ni mo fi dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe títí irun mi fi funfun, ẹni tó bá sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ dá jẹ́rìí ara rẹ̀. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìṣúadà. Ẹ má sọ fún dókítà mi. Mo lọ bá Rẹ̀mí, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Mo ní kó sọ ohun tó rántí. Kí n tó jókòó ló ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ àpò yẹn? Àpò tó rùn bí oko kòkó?" Ó nu omi ojú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, o yọ lọ́wọ́ ìyà lọ́jọ́ yẹn o."

Láyé tí mò ń wí yìí, ẹrù ló máa ń sọ irú ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Olówó á gbé àpótí páànù tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Tíṣà á gbé báàgì aláwọ. Àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti Upẹnmẹn á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, á kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ lé e, á so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, á gbé e karí. Lónìí, ẹ ń fi ìka kan fa súùtìkéèsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bí ẹni ń fa ajá. Bí ẹsẹ̀ kan bá kán, ẹ óò jù ú nù. Àwa kò mọ ohun tó ń jẹ́ jíjù nù. Aṣọ tó bá gbó lára ìyá di ọ̀já ọmọ. Tí ọmọ bá dàgbà, ó di ìnuwọ́. Tí ìnuwọ́ bá ya, ó di òṣùká. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nílé wa, àkísà ni ọrọ̀ wa, agbọ̀n ńlá kan ló wà fún un lókè àjà.

Ọjọ́rú kan ni lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn. Bàbá mi, akọ̀wé kóòtù, ló kà á. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn wọn ń ga sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi ń dúró. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, kí n máa tẹ taipúráítà. Kí n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí mi ò bá dé, wọ́n á mú ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn láti Ọ̀wọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ti òwúrọ̀ Sátidé nìkan ló kù tí àyè wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fi mí sílẹ̀, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ìyá mi kò tíì jó tán tí wọ́n fi dúró. "Kí ló máa kó ẹrù sí?"

Bàbá mi yí ojú sí àpótí páànù wọn, níbi tí ìwé kóòtù àti ìwé ìgbéyàwó wọn wà. "Àpótí yìí kò lọ síbì kankan. Kó di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ."

"Kí ọmọ mi gbé ìdì wọ Ìbàdàn bí ẹni tí ọkọ lé jáde? Láéláé!"

Ìyá mi wo inú pálọ̀ yíká. Ojú wọn gúnlẹ̀ sí fèrèsé. Kọ́tìnnì wa nípọn, ó tutù bí ewé, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀, òun nìkan sì ni kọ́tìnnì ní gbogbo ọ̀wọ́ ilé wa.

"Má dán an wò," ni bàbá mi wí. "Ṣé kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa ka ẹran inú ọbẹ̀ mi ni?"

"Ẹran wo?" ni ìyá mi bi wọ́n.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé wọn. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti fìdí rẹmi. Kọ́tìnnì bọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wálé, ibí ni fìlà rẹ ti wọ ọ̀rọ̀. Ìgbà Ìgògò, ọdún ìlú wa, ni. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ẹnikẹ́ni kì í lùlù ní Ọ̀wọ̀, ọdẹ kì í yìnbọn, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Agogo nìkan ló ń sọ̀rọ̀, kó-ńgó, kó-ńgó, láti ààfin wọ gbogbo ìgboro, ọba wa pàápàá á sì di irun bí obìnrin. Wọ́n sọ fún wa pé olorì kan láyé ọjọ́un ló bínú kúrò láàfin. Nígbà tí wọ́n wá a dé inú igbó, wọn ò rí i mọ́, gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá nílẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni orí gbogbo wa ṣe ń gba atẹ́gùn.

Ìyá Àgbà ní òfin tiwọn lé ti ìlú. Lọ́jọ́ tí Ìgògò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba gbogbo gèlè inú ilé, tiwọn, ti ìyá mi, tèmi, wọ́n á kó wọn sínú agbọ̀n kan, wọ́n á gbé e sókè àjà. Wọ́n ní obìnrin tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀ lè ṣèèṣì wé gèlè jáde, kó sì kó ìtìjú bá ilé. Ẹ rántí pé agbọ̀n àkísà ti wà lókè àjà yẹn tẹ́lẹ̀. Ó ti di agbọ̀n méjì.

Lọ́jọ́bọ, Rẹ̀mí gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ ìyá rẹ̀ wá lórí. Ìyá mi kò ní téèpù. Apá mi ni wọ́n fi wọn aṣọ: láti orí ìka dé ìgúnpá, ìlọ́po méjì, ìyẹn ni gígùn àpò, ẹ̀ẹ̀kan àti àtẹ́lẹwọ́ kan, ìyẹn ni jíjìn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kọ́tìnnì po sí méjì kí ìṣẹ́po rẹ̀ lè jẹ́ ìdí àpò. "Ìdí àpò kì í ní ojú rírán," ni wọ́n sọ fún wa, "ibẹ̀ ni ẹrù ń jókòó sí." Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n rán, wọ́n sì tún un rán lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá fa igun ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde bí etí ewúrẹ́, wọ́n rán an ní ìbú, àpò tó ń wó lulẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá dìde jókòó bí àlejò. Wọ́n gé àpò kòkó láti oko Ìṣúadà tẹ́ sí ìdí rẹ̀ kó lè le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ àpò kòkó yẹn. Òórùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọṣẹ mi.

Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tó ti ya ni. Ìyá Àgbà fà á ya ní ọ̀já mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì dì í bí irun. Irun dídì ló kún ìka gbogbo ìlú lọ́sẹ̀ náà, ọwọ́ wọn kò tíì tutù. Ọwọ́ àpò yẹn kò já títí di òní.

"Kọ́tìnnì nìkan kò lè gbé ẹrù dé Ìbàdàn," ni ìyá mi wí. "Ó fẹ́ aṣọ inú. Gun òkè àjà, mú àkísà kan tó fẹ̀ wá."

Mo gun òkè. Òkùnkùn ni. Mo ti ọwọ́ bọ agbọ̀n tó sún mọ́ mi, mo fa aṣọ kan jáde, aṣọ ẹtù tó dúdú, tó nípọn, tó sì ti rọ̀ nítorí ọjọ́ orí, ìlà pupa tín-ínrín kan wà létí rẹ̀. Ẹ̀yin á ní, ṣé o ò mọ gèlè ni? Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò rí gèlè lórí ẹnikẹ́ni. Gèlè tí kò sí lórí, tí wọ́n ká mọ́ra bí àkísà, nínú òkùnkùn, aṣọ lásán ni. Mo gbé e fún ìyá mi. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu wọn, ojú wọn wà lára ẹ̀rọ. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. "Ó nípọn. Ó dára." Ẹ̀rọ bá mú un jẹ, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Orí àpótí onígi tó ṣófo ni ẹ̀rọ náà wà, ariwo rẹ̀ sì kọjá bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá Ọlọ́dẹ, aládùúgbò wa, fi yọ orí wọlé láti fèrèsé tí kò ní kọ́tìnnì mọ́. Láti ìgbà tí Ìgògò ti dé, ìbọn wọn wà lára ògiri, ẹnu wọn ni wọ́n fi ń ṣọdẹ.

"Ẹ n lẹ́ o, onílé! Ta ló ń lùlù níbí nígbà Ìgògò?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni, Bàbá," ni ìyá mi dáhùn.

"Irú ẹ̀rọ wo ló ń sọ gbẹ̀dẹ̀ gbẹ̀dẹ̀ tí ìdí mi fi ń mì?"

Ìyá Àgbà kò dìde lẹ́yìnkùlé. "Ìdí yín ló ń wá ìlù, Ọlọ́dẹ. Ẹni tí kò rí ẹtu pa láti ọjọ́ yìí, kí ni kò ní gbọ́?"

Bàbá Ọlọ́dẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi tẹ́ ẹní mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n tó máa bá a lọ. Ìyẹn ni ayé wa nígbà náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò gbọ́. Àárọ̀ òní, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ń ké lójúde yìí, kò sì sẹ́ni tó yọ orí wọlé kí mi.

Sátidé pé. Ìgògò ti parí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ìbọn Bàbá Ọlọ́dẹ dún gbòlà! Adìẹ fò, ajá sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àdúgbò hó. Àpò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ti kún un, ó sì rẹwà débi pé bàbá mi ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé agbọ̀n gèlè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi wé tiwọn, mo wé tèmi.

"Èmi ni màá sìn ọ́ dé gáréèjì," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ mú gèlè mi wá. Èyí tó nílà pupa."

Agbọ̀n ti ṣófo.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò mọ gèlè yẹn. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló hun ún nígbà tí wọ́n jẹ́ wúńdíá, lórí òfì tó dúró ti ògiri, nígbà tí kò sí ilé tí ìró òfì kì í ti í dún ní Ọ̀wọ̀. Òun ni wọ́n wé jáde nílé bàbá wọn lọ sílé ọkọ. Ọkọ ti kú, òfì ti jẹrà, gèlè ló kù. Wọ́n da agbọ̀n àkísà sílẹ̀. Wọ́n wo abẹ́ ẹní. Wọ́n ní bóyá eku ló gbé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú eku ní orúkọ ìyá rẹ̀.

Rẹ̀mí, tó wá kí mi pé ó dàbọ̀, rántí ohun tí èmi kò lè rí. "Mo rí ojú rẹ," ló sọ fún mi ní Ìṣúadà. "Ó rí bí ojú ewúrẹ́ tí wọ́n ká mọ́ ìdí iṣu. Ìyá rẹ sì wo àpò, ó wo ìwọ, ó tún wo àpò. Mo ní, háà, ó parí."

Ìyá mi fà mí wọ ilé ìdáná. "Pa ẹnu mọ́," ni wọ́n sọ sí mi létí. "Ìrán méjì ni mo rán an. Bí a bá ní ká tú u, mọ́tò á lọ. Gbé àpò, máa lọ. Tó o bá ti dé Ìbàdàn, èmi á mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́." Láti gáréèjì, a ń gbọ́ kọ́ńdọ́ tó ń ké, "Ìbàdàn! Ìbàdàn ku èèyàn méjì!"

Mo dúró níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ń lá àlá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní pálọ̀, arúgbó kan wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wá ohun tí mo fẹ́ gbé sá lọ. Ẹsẹ̀ mi ló pinnu kí orí mi tó pinnu. Mo padà sí pálọ̀, mo tú àpò, mo da gbogbo ẹrù mi sílẹ̀, mo yí inú rẹ̀ síta, mo kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, gèlè yín rèé. Èmi ni mo mú un. Mo rò pé àkísà ni."

Bàbá mi wọ yàrá, wọ́n mú abẹ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n jáde. "Ẹ jẹ́ ká tú u kíá," ni wọ́n wí. Ìyá Àgbà gba abẹ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé àpò sún mọ́ ojú wọn tó ti ń ṣú, wọ́n ń fi ìka tọ ojú rírán díẹ̀ díẹ̀, títí ìka wọn fi dé ìlà pupa.

"Ta ló rán eléyìí?"

"Èmi ni, Ìyá," ni ìyá mi dáhùn wẹ́rẹ́.

"Ojú abẹ́rẹ́ rẹ fẹ̀ bí ẹnu géètì. Ibi tó o ti tọ ìlà mi nìkan ló gún." Wọ́n gbé abẹ sílẹ̀. Wọ́n wá yí ojú sí mi. "Olorì ọjọ́un lọ, gèlè rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún wa. Láti ìgbà náà la ti ń wá a. Ìwọ, o ò ní fi gèlè sílẹ̀. Gbé e dání. Ẹni tí gèlè ìyá rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ò ní wá a nínú igbó." Wọ́n wo gbogbo wa. "Kí lẹ ń wò? Ẹ kó ẹrù ọmọ padà, mọ́tò ń lọ!"

Ẹ wo bí a ṣe ń ju aṣọ sínú àpò! Ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi bá mi dé Ìbàdàn, wọn ò sì rí i títí Kérésìmesì. Ìyá mi tú gèlè orí wọn, wọ́n nà án sí Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́. Orí òfìfo ni Ìyá Àgbà fi sìn mí, irun funfun wọn tí wọ́n dì fún Ìgògò sì ń dán nínú oòrùn, láàárín àwọn obìnrin tí gbogbo wọn ti wé gèlè.

Ta ni a bá ní gáréèjì bí kò ṣe Bàbá Ọlọ́dẹ, tí wọ́n ti dé fìlà gẹ̀gẹ̀. "Ìyá! Wọn ò sọ fún yín ni? Ìgògò ti parí o!"

"Tiyín ló parí," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Gèlè tèmi ń lọ sí Ìbàdàn. Ó ti wọ mọ́tò."

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí dírẹ́bà gbọ́ ìtàn náà, kò jẹ́ kí kọ́ńdọ́ gbé àpò mi sórí òrùlé. "Àgbà kì í jókòó lókè ẹrù," ló wí. Ó gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Èmi tí mo sanwó, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.

Mo dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọ̀gá wa fa imú, ó ní, "Ta ló gbé oko wọlé?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Kòkó, orúkọ náà sì tẹ̀ lé mi láti ìdí taipúráítà dé ìgbà tí wọ́n fún mi ní bírò, tí wọ́n ní kí n máa lọ wá ìròyìn. Àpò yẹn kò fi mí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ gbé mọ́tò wa mì lọ́nà Òkèlúsè, orí àpò náà ni mo jókòó sí tí mo fi kọ ìròyìn tán. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀.

Ti ilé ńkọ́? Rẹ̀mí ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo padà wá fún Kérésìmesì. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí mi ò sí nílé, orí òfìfo ni Ìyá Àgbà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè mìíràn sì wà nílé tí wọ́n lè wé. Alàgbà kan tọ̀ wọ́n lọ, ó ní obìnrin kì í wọ ilé Ọlọ́run láìbo orí. Wọ́n ní, "Ẹ forí jì mí, gèlè mi wà lẹ́nu iṣẹ́."

Mo ra gèlè dámáàsìkì kan bọ̀ fún wọn nínú owó iṣẹ́ mi. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gba àpò mi, wọ́n yí inú rẹ̀ síta kí ìlà pupa lè hàn, wọ́n dé e sórí bí fìlà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì sọ̀ sí etí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésìmesì. Alàgbà rí wọn, ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n tó wé dámáàsìkì.

Bísọ́lá, na ọwọ́ sábẹ́ àga yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, fà á jáde. Kọ́tìnnì bàbá mi ti jẹrà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àpò náà tí wọ́n dì bí irun ṣì wà, aṣọ inú rẹ̀ sì wà. Láti àná ni mo ti ń rán ara tuntun sí i. Ẹ ti mọ ibi tí kọ́tìnnì mi lọ báyìí. Ṣí i, wo inú rẹ̀. Ẹtù àtijọ́ yẹn ti ya ní apá kan, mo sì fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́. Ìwọ mọ aṣọ náà.

"Màmá!" Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké. "Gèlè tí ẹ máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ nìyí?"

Òun ni. Wálé, o ń rẹ́rìn-ín, o fẹ́ mọ ohun tí màá wé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. N kò ní wé nǹkan kan. Bí àlùfáà bá bi yín, ẹ sọ fún un pé gèlè mi wà ní Jálíngò, ó ń sìnlú.